Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ọ̀rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní yunifásítì tó wà ní Calavi, nílẹ̀ Benin wa níbí, lẹ ti kàwé láàárín ọdún 1990 sí 2000, pé Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù lẹ gbà lọ lẹ́yìn náà, ẹ sì fẹ́ wá ọ̀rẹ́ yín méjì kàn nígbà tí ẹ bá wálé: ọkùnrin ará Kétu kan, obìnrin ará Ṣábẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tún fẹ́ rí màmá ará Kétu yẹn tó máa ń fi gààrí àti èlùbọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo yín ní yàrá tí ẹ jọ háyà. Facebook kò mú ẹnì kankan jáde, nọ́ńbà àtijọ́ kò lọ. Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, Calavi yẹn náà ni mo ti jáde, ọmọ Kétu sì ni ọ̀rẹ́ tí mo wá títí.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló kéré jù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà tiwa níbí ti kúrò ní oní-mẹ́jọ, tó di oní-mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi ṣíwájú gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ mẹ́jọ nínú ìwé yín, ẹ fi 01 sí i lẹ́yìn +229, kí ẹ tún un pè. Bí àjèjì bá gbé e, ẹ tọrọ gáfárà kí ẹ pa á. Nọ́ńbà tí ẹnìkan pa tì ti lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ti Facebook, ẹ má kọ orúkọ wọn bí Yorùbá ṣe ń kọ ọ́. Ọwọ́ Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé ìbí wa: Adéṣínà di Adechina, Olú di Olou. Obìnrin yẹn, bó bá ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ lẹ lè bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọdún 2001 ni yunifásítì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ Abomey-Calavi. Àwọn tó jáde ṣáájú ìgbà yẹn ṣì ń pe ara wọn ní ọmọ UNB (Université Nationale du Bénin, orúkọ rẹ̀ àtijọ́), torí náà UNB ni kí ẹ fi wá ẹgbẹ́ yín lórí WhatsApp.

Ká ní fóònù nìkan ni mo gbójú lé, bóyá mi ò bá ṣì máa wá ọ̀rẹ́ mi títí di òní. Ilé ni mo wá. Èèyàn lè ti Calavi lọ Parakou, kó ti Parakou lọ ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àmọ́ ilé bàbá rẹ̀ ní Kétu wà níbi tó wà. Ẹ jókòó kí ẹ rántí ohun tó máa ń sọ nípa ilé nígbà tí ẹ jọ ń jẹun. Tèmi máa ń sọ pé ilé àwọn kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, pé bàbá àwọn ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìyẹn ti tó. Orúkọ ìnagijẹ tí a ń pè é níléèwé kò wúlò fún mi rárá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Orúkọ tí màmá rẹ̀ fi ń pè é nígbà tó bá wá kí wa ni mo dárúkọ.

Mo wọ mọ́tò láti Àjàṣẹ́, a gba Ìṣakẹ́tẹ́ àti Ìpobẹ̀ dé Kétu. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà wọn kí ẹ tó gbéra, torí bó bá bọ́ sí ọjọ́ náà, màmá kò ní sí nílé. Bí ẹ bá sì débẹ̀, àgbàlagbà ni kí ẹ bi, ẹ má bi àwọn ọlọ́kadà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rè é, ẹ̀gbọ́n: ẹ má wọ ilé náà láìmọ ẹni tó ti kú. Lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ni mo ti gbọ́ pé bàbá ti lọ, ó sì ti pẹ́. Bí n kò bá gbọ́ ni, “bàbá ńkọ́?” ni ìbá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi lójú gbogbo ilé. Mo yà, mo ra ọtí, mo fi owó sínú àpò ìwé, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní wọ́n kú àṣẹ̀yìndè. Mi ò dárúkọ ọ̀rẹ́ mi títí àbúrò bàbá fi gba ọtí náà tó sì wúre. Màmá kò dá mi mọ̀ àfìgbà tí mo sọ̀rọ̀ gààrí. Ó wá bi mí pé, “Gbogbo ẹ̀yin tí mo bọ́ ní Calavi yẹn, ẹyọ kan ò lè wá bá mi sin bàbá?” Ẹ máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní nọ́ńbà, ẹ má sọ pé Gàbọ́ọ̀nù jìnnà. Ẹ wà ní ìdọ̀bálẹ̀ títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán.

Ibi tí mi ò retí ni ti ọ̀rẹ́ mi gan-an. Ó wà ní Parakou, ó ń ṣe tíṣà, àmọ́ kò wálé mọ́ láti ìgbà ìsìnkú. Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ ló dá òun àti àbúrò bàbá yìí sílẹ̀. Kí n tó kúrò, bàbá kékeré ti fẹ́ fi mí ránṣẹ́: kí n sọ fún un pé báyìí-báyìí ni ìdílé wí. Mo ní ẹ má bínú, bàbá, ìkíni màmá nìkan ni mo lè rù. Mo ṣì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kò bá gbúròó rẹ fún ogún ọdún, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lo fi wọlé tọ̀ ọ́, ìdílé ló máa kà ọ́ kún. Nígbà tí mo pè é, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, màmá ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé o ṣì ń jẹ ata bíi tàtijọ́. Ó dákẹ́, ó ní òun á pè mí padà. Ó pẹ́ kó tó pè. Ní báyìí, tó bá wá sí Àjàṣẹ́, ilé mi ló ń sùn, ó sì ti lọ rí màmá. Òun àti bàbá kékeré kò tíì sọ̀rọ̀.

Ní ti ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kí ọkọ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Calavi. Èmi náà wá obìnrin ẹgbẹ́ wa kan rí níbẹ̀. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó kí mi, ó kí àwọn ọmọ, kò sì pè mí mọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ìyà tó jẹ ẹ́ nígbà yẹn ni kò fẹ́ rántí, bóyá ayé rẹ̀ ti kún. Kò jẹ mí ní àlàyé.

Owó ńkọ́? Ẹni tó ti Gàbọ́ọ̀nù dé, ẹ mọ bó ṣe rí. Kí ẹ tó padà sí Àjàṣẹ́, àwọn ọmọ ilé tí ẹ ò mọ̀ rí á ti gba nọ́ńbà yín, ẹ ó sì máa rí “tọ́ńtọ́n (bọ̀dá), ẹ bá mi fi nǹkan sí MoMo”, ìyẹn àpò owó orí fóònù. Màmá nìkan ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí, lásìkò ọdún àti nígbà tí ara wọn kò bá yá. Àwọn yòókù, mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí, mi ò sì ń ṣàlàyé. Wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n ti gbàgbé.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ mú ìyàwó àti àwọn ọmọ dání. Ẹ mú wọn. Màmá á fẹ́ mọ ẹni tó ń se oúnjẹ fún yín báyìí. Aṣọ ni kí ẹ rà fún màmá, kì í ṣe lọ́fíńdà. Bí ẹ bá sì ní fọ́tò ìgbà yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní Kútọnu kí ẹ tó máa bọ̀, ẹ má fi sínú fóònù nìkan, ojú àwọn àgbà kò ríran nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi mẹ́ta, torí ẹ ò ní gba ti àkọ́kọ́ padà.