Tíì mi ń korò nínú ìkòkò tánganran, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fi ìkòkò tíì tánganran kan ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wa, asẹ́ onírin wà nínú ẹ̀ tó ṣe é yọ. Tí mo bá po tíì fún èmi àtọkọ mi láàárọ̀, kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ máa ń dùn, àmọ́ èyí tá a bá padà wá mu máa ń korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀, á tún ti tutù. Nígbà míì mo máa ń já Lipton sínú asẹ́ yẹn. Kí ni mi ò ṣe dáadáa? Ìyàwó tuntun, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ kú oríire o, ìwọ àtọkọ ẹ. Má tíì gbé ìkòkò ẹ pamọ́.

Ó ti lé lọ́dún 9 tí mo ti ń ta tíì oníewé àtàwọn ìkòkò ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sì mú nínú gbogbo ohun tó o kọ ni “èyí tá a bá padà wá mu” yẹn. Asẹ́ yẹn ṣì wà nínú omi títí tẹ́ ẹ fi padà wá, àbí? Òun ló ń fa gbogbo wàhálà yẹn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe asẹ́ sí i ni pé kó o lè yọ ewé kúrò lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ti tó, torí òórùn àti adùn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lára ewé, ohun tó ń korò tó sì ń mú ahọ́n gbẹ, tí wọ́n ń pè ní tannin, á wá máa jáde tẹ̀lé e níwọ̀n ìgbà tí ewé bá ṣì wà nínú omi gbígbóná. Tíì dúdú ò fẹ́ ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ, èmi ò kì í kọjá 4. Fi fóònù ẹ ṣọ́ ọ, tó bá ti dún, fa asẹ́ jáde, jẹ́ kó ro sínú kọ́ọ̀pù kan, kó o tún dé ìkòkò padà. Tó o bá fẹ́ kó le, ewé ni kó o fi kún un, má fi ìṣẹ́jú kún un.

Ṣíbí tíì kan fún kọ́ọ̀pù kan ni mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi, ìyẹn bíi gíráàmù 2 sí omi mílílítà 200. Tó ò bá mọ iye omi tí ìkòkò ẹ ń gbà, já píọ̀ wọ́tà kan sínú ẹ̀, ìdajì lítà nìyẹn, ṣíbí méjì àbọ̀ ló máa gbà. Kó o tún wo ibi tí ìdí asẹ́ dé, torí àwọn asẹ́ kan kúrú, tó o bá bu omi kọ́ọ̀pù kan péré omi ò ní kan ewé dáadáa, èèyàn á wá máa mi ìkòkò bí ẹni ń mi ìgò àgbo.

Lipton tó ò ń já yẹn, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò yẹn ti kúnná jù, á gba ojú asẹ́ kọjá, á lọ jókòó sísàlẹ̀ ìkòkò, kò sí bó o ṣe máa yọ ọ́ mọ́, á kàn máa korò lọ ni. Fi odindi àpò ẹ̀ sí i tàbí kó o ra ewé gidi. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní Kakara lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba dáa, tíì dúdú ni. (Mo mọ̀ pé nílé tiwa Milo gan-an tíì ni, àmọ́ má da ìyẹn sínú ìkòkò yìí o.) Tó bá jẹ́ tíì aláwọ̀ ewé, kí omi hó tán, kó o ṣí kẹ́tù sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 5 kó o tó dà á, ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 ti tó o. Ewé tíì ẹ̀yìnkùlé, tàwọn kan ń pè ní koríko ọba, ìyẹn ò ní wàhálà, gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú atalẹ̀ díẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Ti pé ó ń tutù, ìkòkò tútù lo ń da omi gbígbóná sí. Kọ́kọ́ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, yí i káàkiri, dà á nù, kó o tó wá ṣe tíì ẹ. Èmi ò ka èyí sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo fọ ìkòkò kan pẹ̀lú omi tútù láàárọ̀ ọyẹ́, tí mo da omi tó ń hó sí i lójú ẹsẹ̀, mo gbọ́ “pà!”, ó sán láti ẹnu dé ìdí, tíì bo gbogbo tábìlì. Inú ẹ̀ ti gbóná kí ẹ̀yìn ẹ̀ tó mọ̀. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi yẹ kó o gbé e ka iná gáàsì láéláé. O lè fi tówẹ̀lì wé e, àmọ́ má dí ihò kékeré orí ọmọrí yẹn, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé kí tíì tó lè ṣàn dáadáa lẹ́nu ìkòkò. Tó bá sì máa pé wákàtí kan kẹ́ ẹ tó mu èyí tó kù, gbé e sí fláàsì, ìkòkò tánganran ò lè ṣe iṣẹ́ fláàsì.

Mílíìkì, inú kọ́ọ̀pù ni kó wà. Tó bá wọ ìkòkò, ọ̀rá ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú asẹ́, lọ́jọ́ kejì á ti máa rùn. Tí inú ìkòkò bá ti pọ́n, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ṣíbí bekin sódà kan di àárọ̀, má fi kànrìnkàn onírin họ ọ́, kò ní dán mọ́. Asẹ́ ní tiẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni mo fi ń fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn wá sínú.