Ṣé omi olú lè dènà oró aflatoxin nínú àgbàdo?

Olú kan lè ṣe é, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ẹ sè nílé. Trametes versicolor, tó máa ń hù pẹlẹbẹ lára igi jíjẹrà, ní èròjà kan tó ń jẹ́ Tramesan. Kì í pa Aspergillus flavus, ohun tó ń mú àgbàdo bu, tó sì ń ṣe oró aflatoxin. Ńṣe ni Tramesan ń dín oró tí Aspergillus náà ń ṣe kù. Bí ẹ bá wọ́n omi olú sórí àgbàdo yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, omi yẹn gan-an ni yóò mú un bu.

Orí tapólì ni kí ẹ ti sá a, títí omi inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí ìdá 13 nínú 100. Ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì ju ìdá 15 lọ. Ẹ ṣa èyí tó ti bu dànù, ẹ má fún adìyẹ: sísè kì í pa oró náà.