LASU ni àbí OOU?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ń múra JAMB, mechanical engineering ló fẹ́ kà. Ṣé LASU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó) ni kó fi ṣáájú, àbí OOU (ti ìpínlẹ̀ Ògùn)? Sango-Ọ̀tà là ń gbé. – Ìyá ọmọ

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Mà. Ẹ gbàgbé Ọ̀jọ́ (ọgbà àgbà LASU) àti Àgọ́-Ìwòyè (ti OOU) tí gbogbo ayé ń fi wé ara wọn. Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ẹnjiníà LASU wà. Ti OOU wà ní Ìbógùn, lọ́nà Ifọ̀. Láti Sango, Ìbógùn kò jìnnà. Ti Ẹ̀pẹ́, ẹ máa la Èkó já ni, owó ilé sì di dandan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ìpínlẹ̀ wo ni? Owó ilé ìwé ọmọ onílùú àti ti àlejò kì í sábà dọ́gba, bẹ́ẹ̀ gbígbé Ọ̀tà kò sọ èèyàn di ọmọ Ògùn lójú ìwé. Ìwé-ẹ̀rí káńsù ni wọ́n ń béèrè. Tó bá jẹ́ ọmọ Ògùn, OOU ni kó fi ṣáájú. Ọmọ Èkó? LASU, bí agbára ilé gbígbà bá wà.

Èyí tó bá mú, ipò kìíní ni kó fi sí. Ìṣirò, físíìsì, kẹ́místrì àti Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ṣe ní JAMB. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni èsì WAEC tí wọn kò gbé sórí ìkànnì JAMB ní ibùdó CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà): máàkì lè ga, orúkọ kò ní jáde. Bí ìgbaniwọlé bá sì dé lórí CAPS (ìkànnì ìgbaniwọlé ti JAMB), kó tẹ “Accept” kíákíá.