Kí ló dé tí iléeṣẹ́ fi ń ta ẹ̀rọ géèmù tuntun ní iye tó kéré sí owó tí wọ́n fi ṣe é?

Torí pé ẹ̀rọ kọ́ ni ọjà wọn gan-an, géèmù ni. Géèmù tí iléeṣẹ́ mìíràn bá ṣe fún PS5, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù iléeṣẹ́ Sony, Sony á gba tirẹ̀ nínú owó ẹ̀. Nígbà tí PS5 jáde ní oṣù kọkànlá 2020, dọ́là 499 ni wọ́n ń ta èyí tó ń lo díìsì, 399 ni èyí tí kì í lò ó. Ó di oṣù kẹjọ 2021 kí Sony tó sọ pé àwọn ò pàdánù lórí ti 499 mọ́.

Ẹ wo dọ́là 100 tó wà láàárín yẹn dáadáa o. Ẹni tó ra aláìní-díìsì, orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Sony ni yóò ti máa ra géèmù. Nílé géèmù tí mo ń bójú tó nítòsí FUTA, l'Àkúrẹ́ níbí, onídíìsì nìkan là ń lò. Díìsì bọ́ọ̀lù kan wà níwájú mi báyìí, ẹ̀yìn ẹ̀ ti họ yánnayànna, pààrọ̀ ni mo fi gbà á. Ta ló máa fi géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pààrọ̀? Ká má tíì sọ ti owó dátà.

Àdánù náà sì níwọ̀n. Lọ́dún 2006, PS3, ẹ̀rọ Sony tó ń lo irú díìsì tí wọ́n ń pè ní Blu-ray, wọ́n débi pé dọ́là 599 ni wọ́n ta èyí tó tóbi jù, síbẹ̀ wọ́n ń pàdánù, Xbox 360, ẹ̀rọ ti Microsoft, sì ti fi ọdún kan ṣíwájú wọn dé ọjà. Ti Sega burú jù: lẹ́yìn ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ Dreamcast, wọn ò ṣe ẹ̀rọ géèmù ilé mọ́ láti 2001.