Amòfin tàbí agbẹjọ́rò: èwo ni ká pe William Wirt?

Ìbéèrè: Mò ń túmọ̀ ìtàn ìgbésí ayé William Wirt, lọ́yà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, sí èdè Yorùbá. Níbì kan mo pè é ní amòfin, níbòmíràn mo pè é ní agbẹjọ́rò. Ẹnìkan ní ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo lè jẹ́ méjèèjì. Amòfin ni ẹni tó mọ òfin. Ìmọ̀ ló wà nínú orúkọ yẹn, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Amòfin lè jókòó sílé rẹ̀ kó má dé kóòtù rí. Ẹ wá tú agbẹjọ́rò wò: a-gbà-ẹjọ́-rò. Ó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, ó ń bá a rò ó. "Gbà" yẹn ni kí ẹ di mú. Ẹjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti gbà á. Lọ́yà tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì pọ̀, ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ kò ní fi ìyàtọ̀ yìí han òǹkàwé yín.

Bladensburg ní Maryland ni wọ́n bí Wirt sí lọ́dún 1772. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Kò lọ iléèwé òfin. Nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ lọ́yà àgbà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń kọ́ṣẹ́, bí ọmọ ẹni ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ: á máa ka ìwé ọ̀gá, á máa bá ọ̀gá da ìwé kọ, títí wọ́n á fi dán an wò tí wọ́n á sì fún un níwèé àṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Culpeper, Virginia, ní 1792. Ní 1807, ó wà lára àwọn tó gba ẹjọ́ ìjọba rò ní Richmond nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Aaron Burr, igbákejì ààrẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá Burr sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Wirt dùn débi pé àwọn ọmọ iléèwé ń kọ́ ọ sórí.

Ní 1817, Ààrẹ Monroe fi í ṣe agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ (Attorney General). Ẹ má kọ "Agbẹjọ́rò Àgbà" lásán síbẹ̀, torí oyè táwọn lọ́yà ńlá ń gbà ní Nàìjíríà ni òǹkàwé yín á rò. Ọdún méjìlá ló lò níbẹ̀, títí di 1829; kò tíì sẹ́ni tó lò tó bẹ́ẹ̀ nípò náà. Nígbà tó débẹ̀, kò bá àkọsílẹ̀ kankan nípa ìmọ̀ràn táwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti fún ìjọba. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ méjì ló wà nípò yẹn: kó sọ ohun tí òfin wí fún ààrẹ àtàwọn mínísítà, kó sì gba ẹjọ́ ìjọba rò ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yín ti pínyà.

Ní 1821, wọ́n bi í bóyá ọmọ adúláwọ̀ tó ti gbòmìnira ní Virginia lè jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, nítorí òfin ní ọmọ ìlú ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó dáhùn pé wọn kì í ṣe ọmọ ìlú lójú òfin náà. Amòfin ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní 1825, òun àti Francis Scott Key, lọ́yà bíi tirẹ̀, dìde nílé-ẹjọ́ yẹn nítorí àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ ẹrú Antelope, tí wọ́n lé ní 250 nígbà tí ìjọba mú ọkọ̀ náà ní 1820. Wọ́n ní ẹ dá wọn sílẹ̀. Agbẹjọ́rò nìyẹn. John Marshall, adájọ́ àgbà ilé-ẹjọ́ náà, ní òwò ẹrú lòdì sí òfin ìṣẹ̀dá, àmọ́ kò lòdì sí òfin tó wà láàárín orílẹ̀-èdè. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Liberia, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sóko ẹrú. Mi ò lè kà á kí inú mi má bàjẹ́. Wirt fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí òǹkàwé rò pé ẹni tó bá gba ẹjọ́ ẹni ti di ará ilé ẹni.

Lẹ́yìn tó kúrò nípò, àwọn Cherokee, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wọn fún un, pé ìpínlẹ̀ Georgia fẹ́ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó pàdánù ní 1831. Ní 1832, nínú ẹjọ́ Samuel Worcester, ajíhìnrere tí Georgia jù sẹ́wọ̀n, ilé-ẹjọ́ ní òfin Georgia kò múlẹ̀ lórí ilẹ̀ Cherokee. Georgia kò ka ìdájọ́ náà sí. Wirt kú ní 1834, kò sì rí i nígbà tí wọ́n fi sójà lé àwọn Cherokee kúrò ní 1838.

Torí náà, níbi ìdáhùn rẹ̀ ní 1821, ẹ kọ "amòfin". Níbi Antelope àti Cherokee, ẹ kọ "agbẹjọ́rò", kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.