Hydrate Dí Páìpù Wa: Ṣé Kí A Ṣí I Lápá Kan?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ìwapo lójú agbami. Wọ́n ní hydrate ló dí páìpù gáàsì wa. Ṣé a ò lè kàn ṣí fáàfù lọ́dọ̀ wa níbí, kí prẹ́ṣọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tì í jáde?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má ṣe é, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lójú rẹ.

Hydrate jọ yìnyín, àmọ́ omi tó há gáàsì mọ́ra ni. Níbi tí òkun bá ti jìn tó 1,000 mítà, bíi ti Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo níwájú etíkun wa, omi ìsàlẹ̀ máa ń tutù tó bíi 4°C. Omi lásán ò ní dì níbẹ̀; hydrate á dì gbagidi. Ní 2010, nígbà tí kànga Macondo ń tú epo sínú òkun Gulf of Mexico, wọ́n sọ àpótí irin ràgàjì kan kalẹ̀ láti fi dé e. Hydrate ló dí ẹnu ọ̀nà tí epo ì bá gbà gòkè.

Ara páìpù ni ooru ń gbà wọlé, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni hydrate ti kọ́kọ́ ń yọ́. Ó ti tú lára irin, àárín rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Bí prẹ́ṣọ̀ ẹ̀yìn bá fi ju ti iwájú lọ, á ta bí ọta ìbọn. Ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà ló máa ń fọ́, ó sì lè pa èèyàn.

Prẹ́ṣọ̀ apá méjèèjì ni kí ẹ jọ máa rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí epo tàbí omi bá kún páìpù tó gòkè wá, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò: 1,000 mítà omi nìkan wúwo tó 100 bar (bar ni a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀), bẹ́ẹ̀ methane, gáàsì tó pọ̀ jù nínú páìpù gáàsì, ò nílò ju bíi 40 bar lọ kó tó dì ní 4°C. Ẹ má fi iná sí àárín ibi tó dí. Gáàsì tó bá yọ́ níbẹ̀ ò ní rọ́nà jáde, á bẹ́ páìpù. Pígì, irinṣẹ́ tí ẹ ń tì gba inú páìpù láti fi ha ìda, ẹ gbé e jìnnà, ńṣe ló máa ki hydrate náà mọ́lẹ̀ sí i.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jókòó ti gẹ́ẹ̀jì méjì tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ apá méjèèjì. Lọ́jọ́ kẹwàá, abẹ́rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pọ̀, bíi pé ọ̀nà ti là. Inú wa dùn, síbẹ̀ a ò ṣí i: hydrate lè ju ẹyọ kan lọ, kí gáàsì há sáàárín wọn. Ẹ dúró, ẹ da methanol, kẹ́míkà tó ń yọ́ hydrate, sí i, kí ẹ tún wo gẹ́ẹ̀jì.