Obamacare fún ẹni tó ń gbé ní Texas: oore tó ṣe wá àti ibi tó ti ń ni wá lára

Àbúrò mi, o béèrè bóyá oore ni Obamacare, òfin ìnṣọ́ránsì ìlera Amẹ́ríkà, jẹ́ fún mẹ̀kúnnù tàbí ẹrù tí ìjọba àpapọ̀ gbé kà wá lórí, àti bóyá kí ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card (ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà), tó ń gbé ní Houston, ra ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Láti 2014 tó ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń lò ó nílé wa. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ọkọ mi ń wa takisí. Ojú wa ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá ọkọ mi jà. Láyé ìgbà kan, bí o bá fẹ́ fowó ara rẹ ra ìnṣọ́ránsì, fọ́ọ̀mù wọn á ní kí o kọ gbogbo oògùn tí ò ń lò sílẹ̀. Bí a bá ti kọ insulin síbẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lẹ́tà tó máa ń padà wá kì í ju ìlà díẹ̀ lọ: wọn ò gbà á. Òfin tí Obama buwọ́ lù ní March 23, 2010 ló dá ìyẹn dúró. Láti 2014, kò sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó lè tìtorí àìsàn tó wà lára rẹ tẹ́lẹ̀ lé ọ padà nínú ọjà tí òfin yìí ṣí fún títa ìnṣọ́ránsì, wọn ò sì lè tìtorí rẹ̀ fowó lé iye tí o máa san. Ẹni tí kò ní aláìsàn nílé lè máa fìyẹn ṣe òṣèlú. Ní tèmi, ẹ̀mí ọkọ mi ni. Ọmọ wa náà wà lábẹ́ ìnṣọ́ránsì wa títí tó fi pé ẹni ọdún 26. Àyẹ̀wò ọyàn àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, a kì í san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n deductible! Owó tí o máa kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ san nìyẹn kí ìnṣọ́ránsì tó dá sí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú. Nínú oríṣi ìnṣọ́ránsì tó wà nínú ọjà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Bronze ni owó oṣooṣù rẹ̀ kéré jù, òun náà ni deductible rẹ̀ sì máa ń ju 7,000 dọ́là lọ. Nígbà tí egbò ẹsẹ̀ ọkọ mi gbé wa dé ọsibítù, Bronze la ní. Ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ gùn: owó bẹ́ẹ̀dì, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó oògùn tí wọ́n fa sí i lára, ti dókítà tún dá wà lọ́tọ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ iye tí ìnṣọ́ránsì san, òdo ló wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la fi san án tán. Lóòótọ́, òfin fi òpin sí iye tó lè jáde lápò ẹnì kan lọ́dún, 9,200 dọ́là ni ní 2025, òpin yẹn sì ti gba ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ kọ lù lọ́wọ́ gbèsè àjẹkú. Ilé tí owó oṣù rẹ̀ ń tán kí oṣù tó parí, níbo ló ti fẹ́ rí 9,200?

Nítorí náà, Silver, oríṣi tó tẹ̀ lé Bronze, ni kí o wò. Bí owó tó ń wọlé fún ọ lọ́dún kò bá ju 39,125 dọ́là lọ fún ẹnì kan ṣoṣo ní 2026, òfin máa bá ọ dín deductible kù, Silver nìkan ló sì ti ń ṣe é. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í mọ èyí, owó oṣooṣù ni wọ́n máa ń wò.

Ibi tó ń bí mi nínú jù ni Texas gan-an. Bí wọ́n ṣe to òfin náà, Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún aláìní, ni tálákà máa gbà, àwọn tó bá jù wọ́n lọ díẹ̀ á gba ìrànwọ́ owó láti fi san owó oṣooṣù ìnṣọ́ránsì. Ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ìjọba àpapọ̀ ò lè fi tipátipá mú ìpínlẹ̀ gba ti Medicaid yẹn. Ìpínlẹ̀ 40 ti gbà á, Texas kọ̀. Ìrànwọ́ owó ò sì bẹ̀rẹ̀ àfi láti 15,650 dọ́là lọ́dún fún ẹnì kan ní 2026. Ẹni tó ń rí 14,000, tí kò bímọ, kò rí Medicaid, kò rí ìrànwọ́. Ẹni tó ń rí 20,000 rí i! Obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà nínú kòtò yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Maryland, iṣẹ́ kan náà, Medicaid wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tún ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 fún ẹni tó ń ṣe wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ní ìnṣọ́ránsì. Ọ̀gá ibi tá a wà nígbà yẹn kò jẹ́ kí wákàtí wa dé 30 rí.

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card, òfin 1996 ní kí o dúró ọdún 5 kí o tó lè gba Medicaid níbi tó pọ̀ jù. Tẹ́lẹ̀, irú yín tí owó rẹ̀ kò tó 15,650 yẹn ṣì lè gba ìrànwọ́ nínú ọjà yìí. Òfin 2025 ti gbà á lọ́wọ́ yín láti January 2026. Ìrànwọ́ àfikún tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 náà parí pẹ̀lú 2025, owó oṣooṣù tiwa sì ti gòkè.

Owó ìtanràn fún ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì, tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́, kò sí mọ́ láti 2019. Iye tí o bá sọ nígbà tí o ń rà á pé ó máa wọlé fún ọ lọ́dún ni kí o ṣọ́. Bó bá yí padà, lọ yí i lórí HealthCare.gov, ìkànnì ọjà náà, lójú ẹsẹ̀, torí láti ọdún owó orí 2026, gbogbo ìrànwọ́ tí o bá gbà kọjá ẹ̀tọ́ rẹ ni o máa dá padà.

Bí owó rẹ bá ti ju 15,650 lọ, rà á. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fún ọ láti ọjọ́ tí o gba green card. Bó bá kọjá, ó di November 1 kí ọjà tó tún ṣí.